Ilé-Ìwé àti Ìdílé ní Àkókò Àjàkálẹ̀ Ọ̀fìnkìn Líle

Ọ̀rọ̀ tí a sọ lórúkọ àwọn olùkọ́ níbi ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú Ìlú wa

  

Ìgbìmọ̀ ní kí a sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí ó kan ilé-ìwé àti ilé lápapọ̀. Ọ̀rọ̀ òrùlé tí ń jò wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ àga àti tábìlì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀nyí lè dúró de owó. Ọ̀kan wà tí kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Òun ni ọ̀fìnkìn líle tí ń jà ràn-ìn, tí àwọn òyìnbó ń pè ní infuluẹ́ńsà. Àwọn àgbà a máa sọ pé igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Òkèèrè ni a fẹ́ kí a jọ ti wò ó lónìí, nígbà tí ara le, tí a sì ráyè jókòó.

Kókó ọ̀rọ̀ wa kò ju ẹyọ kan lọ: ọjọ́ tí àrùn bá dé kọ́ ni ó yẹ kí ilé-ìwé àti ìdílé ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣe àdéhùn. Bí ilé-ìwé bá ti ilẹ̀kùn rẹ̀ láì bá ilé sọ̀rọ̀, ńṣe ni àwọn ọmọ yóò kó àrùn náà lọ sí ọjà. Bí ilé bá sì ń rán ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná lọ sí ilé-ìwé, gbogbo kíláàsì ni yóò pín nínú rẹ̀. Ẹnìkan kò lè dá èyí ṣe láìsí èkejì.

IRÚ ÀRÙN TÍ À Ń WÍ

Kì í ṣe gbogbo ọ̀fìnkìn ni à ń wí. Èyí tí ọyẹ́ máa ń mú wá, tí imú ọmọ ń ṣomi ṣùgbọ́n tí ọmọ ṣì ń ṣeré, kì í da ìlú rú. Èyí tí à ń wí a máa dé lójijì. Ọmọ tí ó fi ẹ̀rín jáde nílé láàárọ̀ lè padà dé lọ́sàn-án kí ara rẹ̀ máa jó bí iná, kí orí máa fọ́ ọ, kí gbogbo oríkèé máa ro ó, kí ikọ́ gbígbẹ má sì jẹ́ kí ó sùn lóru. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ara wọn ń yá láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n lára ọmọ ọwọ́, aboyún, arúgbó, àti ẹni tí ó ti ní àtọ̀gbẹ tàbí àìsàn ọkàn tẹ́lẹ̀, ó lè di òtútù àyà, ó sì lè gba ẹ̀mí.

Kòkòrò rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè rí i. Inú ẹ̀kán itọ́ tí ń fò jáde nígbà tí a bá wúkọ́ tàbí tí a bá sín ni ó ń bá rìn. Ó sì ń bá ọwọ́ tí a fi nu imú dé ara tábìlì, dé ara ilẹ̀kùn àti ife omi. Bí ó bá ti wọ ara, láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́rin ni yóò fara hàn. Ohun tí ó sì mú un ṣòro ni pé aláìsàn lè kó o ran ẹlòmíràn fún bí ọjọ́ kan kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀ pé ara òun kò yá, àti fún nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún sí méje lẹ́yìn tí ó bá ti hàn. Ti àwọn ọmọdé a tilẹ̀ máa pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wá wo ilé-ìwé wa. Ọmọ mẹ́ta jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan, ife kan ṣoṣo wà lórí ìkòkò omi, wọ́n ń yá ara wọn ní pẹ́ńsù, wọ́n ń jẹ nínú àwo kan náà nígbà ìsinmi. Bí agogo ìparí bá lù, olúkúlùkù gba agbolé rẹ̀ lọ, níbi tí ìyá àgbà ti ń dúró dè é. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ọ̀nà tí àrùn yìí ń gbà dé ọ̀dọ̀ arúgbó tí kì í jáde kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀nà ilé-ìwé ni.

OHUN TÍ ỌDÚN 1918 KỌ́ WA

Nínú gbogbo ìgbà tí àrùn yìí ti jà ní ayé, ti ọdún 1918 ni ó burú jùlọ. Àwọn onímọ̀ ṣírò pé ó pa tó àádọ́ta mílíọ̀nù ènìyàn káàkiri àgbáyé. Nínú oṣù Kẹjọ ọdún náà ni ó dé Freetown. Nígbà tí ó di oṣù Kẹsàn-án, ọkọ̀ òkun kan tí ń jẹ́ Bida gbé e láti etíkun Gold Coast, tí a ń pè ní Ghana lónìí, wá sí Èkó. Kí ọdún tó ń bọ̀ tó rìn jìnnà, ó ti dé gbogbo apá ilẹ̀ Nàìjíríà. Àwọn tí wọ́n kọ ìtàn rẹ̀ ṣírò pé nínú nǹkan bí mílíọ̀nù méjìdínlógún ènìyàn tí ó wà ní orílẹ̀-èdè yìí nígbà náà, ó tó ìlàjì mílíọ̀nù tí ó bá a lọ. Lúkúlúkú ni àwọn bàbá wa pè é, orúkọ kan náà tí a ń pe àrùn tí ń pa adìyẹ run nínú àgò.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ kíyè sí nínú ìtàn náà ni ohun tí àwọn ìdílé ṣe. Nígbà tí òkú ń pọ̀ ní Èkó, tí àwọn wolé-wolé sì ń wọ ojúlé kiri láti wá aláìsàn, ẹ̀rù ba àwọn ènìyàn. Àwọn mìíràn fi aláìsàn wọn pamọ́, àwọn mìíràn sì ti ilẹ̀kùn, wọ́n kó ọmọ, wọ́n sá gba inú ilẹ̀ lọ. Òwe wa ni wọ́n tẹ̀ lé, pé kí ojú má rí ibi, ẹsẹ̀ ni oògùn rẹ̀. Òwe náà dára bí ogun bá ń bọ̀, nítorí ogun kì í bá ẹni tí ó ń sá rìn. Ṣùgbọ́n àrùn yìí, inú ẹni tí ń sá ni ó wà. Ojú irin ti kọjá Ìbàdàn dé Kánò kí ọdún 1918 tó dé, ọkọ̀ ojú omi sì wà lórí ọ̀sà. Ọ̀nà wọ̀nyí gan-an ni àrùn náà gbà. Ẹsẹ̀ tí ó yẹ kí ó jẹ́ oògùn ni ó gbé ibi náà dé ilé.

Ẹ̀kọ́ kejì ti Ìjẹ̀bú-Òde wá. Ní ọdún 1918 yìí kan náà, nígbà tí ìpayà gba ìlú, ẹgbẹ́ àdúrà kan dìde níbẹ̀, lára àwọn tí wọ́n sì gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu jùlọ ni ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Sophia Odunlami, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ olùkọ́ ilé-ìwé. Òun ni ó sọ fún àwọn ènìyàn pé àdúrà àti omi òjò ni kí wọ́n fi wo àrùn náà. Ẹgbẹ́ náà wà lára orísun àwọn ìjọ Aládùúrà tí a mọ̀ lónìí. A kò mú un wá láti jiyàn ìgbàgbọ́. Ohun tí a rí nínú rẹ̀ ni pé nígbà tí ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tí yóò yà sí, àwọn òbí gbọ́ ohùn olùkọ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ nígbà náà, ó di dandan fún àwa olùkọ́ ìsinsìnyí pé kí a mọ ohun tí a ó wí kí ọjọ́ náà tó dé.

ṢÉ KÍ A TI ILÉ-ÌWÉ TÀBÍ KÍ A MÁ TÌ Í?

Ìbéèrè yìí ni gbogbo ìlú ń bi ara rẹ̀ bí àrùn bá dé, ìdáhùn rẹ̀ kò sì rí bákan náà níbi gbogbo. Ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1918 yẹn, ìlú Philadelphia gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn láàyè láti péjọ síta fún ìwọ́de ńlá ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí àrùn náà ti wà láàárín wọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àwọn òkú pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí pósí kò tó. Ìlú St. Louis kò ṣe bẹ́ẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí àrùn náà yọjú níbẹ̀ nínú oṣù Kẹwàá, wọ́n ti ilé-ìwé, ilé ìjọsìn àti ilé eré pa. Iye ènìyàn tí ó kú níbẹ̀ kéré púpọ̀ sí ti Philadelphia bí a bá fi wé iye ará ìlú.

Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí yóò wí pé títì ni ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ti New York. Ìlú náà ní nǹkan bí mílíọ̀nù kan ọmọ ilé-ìwé, púpọ̀ nínú wọn sì ń gbé inú ilé tí ìdílé púpọ̀ há sí, tí òòrùn kò wọ̀, tí afẹ́fẹ́ kò sì tó. Àwọn aláṣẹ ìlera rò ó pé ilé-ìwé mọ́ ju ibi tí àwọn ọmọ yóò wà bí a bá lé wọn sílé. Wọn kò tì í. Láràárọ̀ ni olùkọ́ ń yẹ ojú àti ọ̀fun ọmọ wò. Ọmọ tí ara rẹ̀ bá gbóná ni a ń yà sọ́tọ̀, tí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì yóò wò ó, tí wọn yóò sì bá a dé ilé láti sọ fún àwọn òbí bí wọn yóò ṣe tọ́jú rẹ̀. Chicago náà ṣe bẹ́ẹ̀.

A kò sọ èyí láti fi ìlú kan gun orí ìlú kejì. Ohun tí ó hàn ni pé títì pẹ̀lú ètò lè gba ẹ̀mí là, ṣíṣí pẹ̀lú ètò sì lè ràn wá lọ́wọ́. Èyí tí kò ní èrè nínú ni kí a tì í láìmọ ibi tí ọmọ wà, tàbí kí a ṣí i láìwo ojú ọmọ tí ń wọlé.

Àwa náà ní ìrírí tiwa. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2020 ni a fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àrùn Kòrónà ti wọ Nàìjíríà. Nínú oṣù Kẹta, ìjọba pàṣẹ kí a ti àwọn ilé-ìwé; inú oṣù Kẹjọ ni àwọn tí ń múra ìdánwò àṣekágbá padà, tí ìdánwò WAEC sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù náà. Àwọn tí ó kù dúró pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ń kọ́ni lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò ní rédíò nílé, tàbí tí kò ní báńtìrì, kò gbọ́ nǹkan kan. Ọmọ tí kò sí ní ilé-ìwé kò sí nílé náà. Ọjà ni ó wà, tí ó gbé igbá rù. Abẹ́ ọkọ̀ lọ́dọ̀ mẹkáníìkì ni ó wà. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, àwọn mìíràn ti mọ adùn owó, wọn kò padà wá mọ́.

Kòrónà kì í ṣe infuluẹ́ńsà, bí wọ́n tilẹ̀ jọ ń gba imú àti ẹnu wọlé. Àgbà ni Kòrónà mú jù, ó sì fi ojú àánú wo ọ̀pọ̀ ọmọdé. Infuluẹ́ńsà kò mọ èyí. Nígbà tí irú rẹ̀ tuntun jáde ní ọdún 2009, àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ ni ó kọ́kọ́ dì mú. Ilé-ìwé kan ní New York wà lára ibi tí ó ti kọ́kọ́ fara hàn níbẹ̀, orílẹ̀-èdè Mexico sì ti gbogbo ilé-ìwé rẹ̀ pa fún ìgbà díẹ̀. Nítorí náà a kò gbọ́dọ̀ wí pé a ti mọ̀ ọ́n tán ní 2020.

OHUN TÍ ÀWỌN ARÁ JAPAN Ń ṢE

Nínú gbogbo ibi tí a kà nípa rẹ̀, ti Japan ni ó wọ̀ wá lọ́kàn jù, nítorí pé ó rọrùn, kò sì gba owó púpọ̀. Bí infuluẹ́ńsà bá mú ọmọ ilé-ìwé níbẹ̀, òfin ni pé kò gbọ́dọ̀ padà títí ọjọ́ márùn-ún yóò fi pé láti ìgbà tí àìsàn bẹ̀rẹ̀, tí ọjọ́ méjì yóò sì ti kọjá tí ara rẹ̀ kò gbóná mọ́. Àwọn ọjọ́ wọ̀nyí kì í wọ inú ìwé gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ tí ọmọ pa ilé-ìwé jẹ. Bí àwọn ọmọ tí ó ṣàìsàn nínú kíláàsì kan bá pọ̀, kíláàsì náà nìkan ni wọ́n ń tì fún ọjọ́ díẹ̀, àwọn yòókù ń bá ẹ̀kọ́ wọn lọ.

Ohun kejì ni pé láti ọdún 1962 ni wọ́n ti ń fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára infuluẹ́ńsà. Ní ọdún 1994 ni wọ́n dá ètò náà dúró. Nígbà tí àwọn onímọ̀ padà wo àkọsílẹ̀, wọ́n rí i pé ní gbogbo ìgbà tí àwọn ọmọdé ń gba abẹ́rẹ́ náà, ikú àwọn arúgbó nígbà òtútù dínkù; nígbà tí a dá a dúró, ó tún gòkè. Ọmọ ni a gún lábẹ́rẹ́, bàbá àgbà ni ó yè.

IṢẸ́ ILÉ-ÌWÉ

Ohun àkọ́kọ́ ni omi àti ọṣẹ. Ara kòkòrò yìí ní ọ̀rá, ọṣẹ a sì máa tú ọ̀rá náà, kòkòrò náà á bàjẹ́. Kò pọn dandan kí ọṣẹ náà jẹ́ olówó ńlá. Ọṣẹ dúdú tí àwọn ìyá wa ń ṣe yóò ṣe iṣẹ́ náà. Kẹ́ẹ̀gì omi tí a lu ihò sí, tí a gbé sórí igi lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, tó fún wa. Èkejì ni fèrèsé. Kí a ṣí i, kí atẹ́gùn máa fẹ́, bí ọyẹ́ tilẹ̀ ń mú. Ẹ̀kẹta, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ife tirẹ̀, kí a sì kọ́ wọn láti máa wúkọ́ sínú ìgúnpá, kì í ṣe sínú àtẹ́lẹwọ́. Ẹ̀kẹrin, kí olùkọ́ máa wo ojú ọmọ láàárọ̀ bí ó ti ń pe orúkọ. Ẹ̀karùn-ún, kí yàrá kékeré kan wà tí ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná yóò dùbúlẹ̀ sí títí ará ilé rẹ̀ yóò fi dé, kí a má ṣe lé e jáde kí ó máa dá rìn lábẹ́ òòrùn.

Ṣùgbọ́n gbogbo èyí kò ní ràn wá lọ́wọ́ bí a bá ń fìyà jẹ ọmọ tí ó dúró sílé nítorí àìsàn. Ọ̀rọ̀ yìí kan Ẹgbẹ́ wa tààrà, ẹ sì jọ̀wọ́ ẹ fi sùúrù gbọ́ ọ. Lọ́dọọdún ni a ń pe ọmọ tí kò pa ọjọ́ kan ṣoṣo jẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin jáde, tí a ń fún un ní ẹ̀bùn, tí gbogbo ìlú sì ń pàtẹ́wọ́ fún un. Èrò rere ni ó bí ẹ̀bùn náà, ó sì ti mú ọ̀pọ̀ ọmọ kúrò lóko wá sí kíláàsì. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ku oṣù kan kí ó gba ẹ̀bùn, bí ara rẹ̀ bá gbóná, ǹjẹ́ yóò dúró sílé? Yóò gbé ikọ́ rẹ̀ wá, yóò jókòó sáàárín ogójì ọmọ. Àbá wa ni pé kí ẹ̀bùn náà máa jẹ́ ti ọmọ tí kò pa ilé-ìwé jẹ láìnídìí, kí ọjọ́ àìsàn tí òbí bá fi ránṣẹ́ sí wa má ṣe wọ inú ìṣirò. Bákan náà, kí ọmọ tí ìdánwò ìparí sáà bá bá lórí ibùsùn lè ṣe é nígbà tí ara rẹ̀ bá yá.

IṢẸ́ ÌDÍLÉ

Ní ilẹ̀ wa, gbogbo ara gbígbóná ni à ń pè ní ibà, kíá ni a sì ń ra oògùn ibà lọ́wọ́ ẹni tí ń ta oògùn kiri. Ó lè jẹ́ ibà ẹ̀fọn lóòótọ́, ó sì lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí a gba ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé lọ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Kápúsù aláwọ̀ méjì tí a ń gbé mì fún gbogbo àìsàn kò lè pa kòkòrò infuluẹ́ńsà. Irú kòkòrò mìíràn ni ó ń pa. Kí a má ṣe fún ọmọ tí àrùn yìí mú ní aspirin, nítorí ó lè ba ọpọlọ àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́. Paracetamol ní ìwọ̀n tí ó bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu ni kí a lò fún ara gbígbóná. Omi, ẹ̀kọ gbígbóná, ọbẹ̀ àti ìsinmi ni yóò ṣe ìyókù.

Bí ọmọ bá ń mí gúlegúle, bí ìhà rẹ̀ bá ń wọlé nígbà tí ó ń mí, bí ètè rẹ̀ bá ń dúdú, bí kò bá lè mu omi, bí gìrì bá mú un, tàbí bí ara rẹ̀ ti balẹ̀ tí ó tún padà gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ má ṣe dúró de ilẹ̀ mọ́. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀ràn kan wà tí ó ṣòro ju oògùn lọ: ta ni yóò dúró ti ọmọ náà? Ìyá tí ó ń jẹ èrè òòjọ́, bí ó bá jókòó ti ọmọ fún ọjọ́ márùn-ún, owó ọjà yóò di owó oúnjẹ, kò sì ní rí nǹkan pàtẹ mọ́. Nítorí èyí ni ó fi ń gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀ àgbà. Àṣà wa ni, ó sì dára ní ọjọ́ gbogbo. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ infuluẹ́ńsà ni, ńṣe ni a gbé àrùn lé ọwọ́ ẹni tí ó lè pa. Aboyún náà kò gbọ́dọ̀ jẹ́ olùtọ́jú. Kí agbolé kọ̀ọ̀kan yan ẹnìkan tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, tí kò darúgbó, tí kò lóyún, tí yóò máa ṣe ìtọ́jú. Kí ó máa fọ ọwọ́ rẹ̀, kí ó sì máa fi aṣọ bo imú àti ẹnu. Kí ìyá àgbà máa kí ọmọ láti ẹnu ọ̀nà. Ìfẹ́ kò dínkù nítorí pé a jìnnà fún ọ̀sẹ̀ kan.

Nígbà tí ara ọmọ bá ti wà ní bí ó ti yẹ fún odindi ọjọ́ kan láìlo oògùn, tí agbára rẹ̀ sì ti padà, kí a tó rò ó pé kí ó tún dé ilé-ìwé. Bí àrùn náà bá ń jà ní ìlú, kí a tẹ̀ lé ọjọ́ márùn-ún ti àwọn ará Japan.

Ẹ̀YIN TÍ Ẹ WÀ LẸ́YÌN ODI

Ẹ̀yin ọmọ wa ní ìlú òkèèrè, oṣù Kejìlá ni ẹ sábà máa ń wá sílé. Ìgbà òtútù ni yín lọ́hùn-ún, ìgbà náà sì ni infuluẹ́ńsà ń jà jù ní Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ òkun ni ó gbé e wá ní 1918. Ọkọ̀ òfuurufú yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí ẹ wà, abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ kò ṣòro rí lọ́dọọdún. Ní Ìlú Ọba, láti ọdún 2013 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn ọmọdé ní èyí tí a ń fín sí imú lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ gbà á kí ẹ tó wọkọ̀, ó kéré tán ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí ó lè ráyè ṣiṣẹ́ nínú ara. Bí ara ẹnikẹ́ni bá gbóná ní ọjọ́ tí ó dé, kí ó sinmi ní yàrá rẹ̀ ná. Àwọn òbí tí wọ́n ti retí yín fún ọdún mẹ́ta lè ní sùúrù fún ọjọ́ mẹ́ta sí i. Ẹ má sì ṣe máa di oríṣiríṣi kápúsù sínú àpótí wá fún gbogbo ẹbí. Owó ọṣẹ àti kànga ṣe wá ní àǹfààní jù ú lọ.

Ẹ̀BẸ̀ WA SÍ ẸGBẸ́

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. A bẹ̀bẹ̀ pé kí ìpàdé yìí jíròrò lórí nǹkan mẹ́rin, kí ó sì pinnu kí a tó túká.

1. Kí a yí òfin ẹ̀bùn àìpa-ilé-ìwé-jẹ padà gẹ́gẹ́ bí a ti wí.

2. Kí Ẹgbẹ́ fi ibi ìfọwọ́ sí ẹnu ọ̀nà gbogbo kíláàsì ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa, kí owó ọṣẹ sì wà nínú ìṣirò ọdọọdún.

3. Kí a ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ lábẹ́ ọwọ́ Ìyálọ́jà, tí ìyá tí ó dúró ti ọmọ aláìsàn yóò lè yá láìsí èlé, kí ọjà rẹ̀ má baà kú.

4. Kí ìgbìmọ̀ kékeré kan wà, tí Kábíyèsí, àwọn ọ̀gá ilé-ìwé, nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, Ìyálọ́jà àti àwọn olórí ẹ̀sìn yóò ní aṣojú nínú rẹ̀, tí yóò ti mọ̀ ṣáájú ẹni tí yóò fi tó ìjọba létí, ìgbà tí a ó ti kíláàsì kan, ìgbà tí a ó ti gbogbo ilé-ìwé, àti ibi tí àwọn ọmọ yóò wà.

Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ìdí nìyí tí a fi sọ̀rọ̀. Ikọ́ ọmọ ẹnìkan lóru òní lè di ikọ́ gbogbo àdúgbò kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Àwa olùkọ́ ti ṣe tán láti máa wo ojú ọmọ yín láràárọ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ bá wa wo iwájú orí wọn kí wọ́n tó jáde nílé. Bí a bá ṣe èyí pọ̀, nígbà tí àrùn náà bá dé ẹnu ibodè wa, yóò bá wa ní ìmúrasílẹ̀.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a fi ojú rí àjàkálẹ̀-àrùn. Kí ó pa àwọn ọmọ mọ́ fún òbí, kí ó sì pa àwọn àgbà mọ́ fún àwọn ọmọ.